Ẹ jọ̀ọ́, àbúrò mi ṣẹ́yún, ẹ̀jẹ̀ ò dá
Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà, ẹ dákun ẹ gbà mí o. Àbúrò mi obìnrin ṣẹ́yún lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì kan ní Òṣogbo níbí, látìgbà yẹn ni inú ti ń run ún, ara ẹ̀ ń gbóná, kí wákàtí kan tó pé páàdì méjì ti rin gbingbin, ohun tó ń jáde tún ń rùn. Oníkẹ́míìsì ní kó lo Ampiclox, pé ẹ̀jẹ̀ dídọ̀tí ló ń jáde, irọ́ ni jàre! Èmi rò pé oyún ló ṣẹ́kù síkùn, àbí kòkòrò ti wọ ilé ọmọ. A ti fẹ́ máa gbé e lọ sọ́sibítù ìjọba ní Asúbíaró báyìí, àmọ́ ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà á. Ṣé wọ́n á kọ́kọ́ tọ́jú ẹ̀? Ṣé skáànù ni wọ́n máa ṣe ni àbí wọ́n á fa èyí tó kù jáde? Ṣé á ṣì lè bímọ?