Bí ọkàn bá tóbi, kí ló dé tí agbára rẹ̀ ń dínkù?

Ọmọ Arówómọlé:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni mo gbé wá síwájú yín. Wọ́n ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, èlùbọ́ ni wọ́n sì ń tà ní Ọjà Jagun, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti sọ fún wọn pé wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n ìgbà tí orí bá ń fọ́ wọn nìkan ni wọ́n máa ń rántí oògùn. Nígbà tó yá, wọn kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. Bí wọ́n bá ti dùbúlẹ̀, èémí á bẹ̀rẹ̀ sí í há wọn, wọ́n á dìde jókòó, wọ́n á sì fara ti ògiri títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹsẹ̀ wọn wú tó bẹ́ẹ̀ tí bàtà kò gbà á mọ́. Ẹnì kan tó ń ta oògùn ládùúgbò wa ní amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò, ló wú ẹsẹ̀ wọn, ó ní kí wọ́n pa á tì, wọ́n sì pa á tì.

Nígbà tí a gbé wọn dé ilé ìwòsàn, wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọkàn wọn, dókítà sì sọ fún wa pé ọkàn náà ti tóbi jù, pé kò sì lè ti ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa mọ́. Wọ́n kọ furosemide, spironolactone, lisinopril àti carvedilol fún wọn. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ fi fà, oorun sì dé. Ní báyìí, ìyá mi ní ara òun ti le, pé òun kò rí ìdí tí òun yóò fi máa gbé oògùn mì láràárọ̀, pàápàá èyí tó ń lé òun lọ tọ̀ nígbà tí oníbàárà bá dúró síwájú òun.

Èmi fúnra mi kò mọ èsì tí n ó fún wọn. Bí ọkàn bá tóbi, ṣé kò yẹ kí agbára rẹ̀ lé sí i ni? Kí ni ìtọ̀ wá ń wá nínú ọ̀rọ̀ ọkàn? Ṣé ẹni tí ara rẹ̀ ti yá kò lè sinmi oògùn lóòótọ́?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o. Ọdọọdún ni a ń rí irú wọn ní wọ́ọ̀dù wa ní Ọ̀yọ́, ìbéèrè yín sì dára ju èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bi wá lọ.

Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ọkàn. Apá ọ̀tún ń gba ẹ̀jẹ̀ tó ti yí ara ká bọ̀, ó sì ń tì í lọ sí ẹ̀dọ̀fóró láti gba atẹ́gùn tuntun; apá òsì ń gba ẹ̀jẹ̀ náà padà láti ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń tì í jáde sí gbogbo ara, láti àtàrí títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Bí àgbàlagbà bá jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn rẹ̀ máa ń lù ní ìgbà 60 sí 100 láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ̀jẹ̀ tó sì ń gba inú rẹ̀ kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan náà tó nǹkan bíi lítà 5. Yàrá ìsàlẹ̀ lápá òsì ló ń ṣe iṣẹ́ tó wúwo jù, ìdí nìyẹn tí ògiri rẹ̀ fi nípọn ju ti àwọn yòókù lọ.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ru, ipá tó wà nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ga, yàrá òsì yìí sì gbọ́dọ̀ borí ipá náà kí ẹ̀jẹ̀ tó lè jáde. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹran ara rẹ̀ á máa ki sí i, bí apá alágbẹ̀dẹ ṣe ń ki nítorí òòlù. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ ń sùn lálẹ́, ọkàn kì í sùn. Ẹran tó ki jù máa ń le, kì í rọ̀ dáadáa mọ́ láti gba ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn iṣan kéékèèké tó ń bọ́ ẹran náà kò sì ní lè ká a mọ́. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn fọ́nrán ẹran náà á máa kú díẹ̀díẹ̀, àpá á gba ipò wọn, yàrá náà á sì fẹ̀. Títóbi tí dókítà rí nìyẹn: ó fẹ̀ ni, kò lágbára sí i. Ọkàn tó dá ṣáṣá ń ti ohun tó ju ìdajì ẹ̀jẹ̀ inú yàrá náà jáde ní ìlù kọ̀ọ̀kan; èyí tó ti fẹ̀ lè má ti ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ.

Ibi tí ìtọ̀ ti wọlé ni ti kíndìnrín. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti dínkù, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ọkàn ló rẹ̀. Ohun tó gbà ni pé omi ara ló gbẹ, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń rí lára ẹni tó ń ṣu gbuuru. Nítorí náà, ó ń dá iyọ̀ àti omi dúró sínú ara, ó sì ń fa kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀. Ìrànlọ́wọ́ tó rò pé òun ń ṣe ló ń pa ọkàn lára, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn gbọ́dọ̀ tì tún pọ̀ sí i, ojú ọ̀nà tí yóò gbà sì tún há sí i. Omi tí kò rí àyè máa ń jò sí ẹsẹ̀, sí ikùn àti sí ẹ̀dọ̀fóró. Bí ìyá yín bá dùbúlẹ̀, omi tó ti sọ̀ sí ẹsẹ̀ láti àárọ̀ á padà sínú ẹ̀jẹ̀, á dé àyà, ẹ̀dọ̀fóró á sì rin. Ohun tó ń gbé wọn dìde lóru nìyẹn.

Furosemide ló ń lé omi náà jáde, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi tètè fà. Ìtura ni iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù ni wọ́n ń fa ẹ̀mí gùn, wọn kì í sì í ṣe ohun tí ojú lè rí: lisinopril ń dá kíndìnrín lẹ́kun kí iṣan má baà fún mọ́, spironolactone ń dènà dídá iyọ̀ dúró àti àpá tó ń gbilẹ̀ nínú ẹran ọkàn, carvedilol sì ń jẹ́ kí ọkàn lù ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Bí a bá lò wọ́n fún oṣù bíi mélòó kan láìdá a dúró, ọkàn tó ti fẹ̀ lè sún kì, kí agbára rẹ̀ sì padà díẹ̀ tàbí púpọ̀. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, kíndìnrín á tún padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Dókítà lè dín furosemide kù nígbà tí omi bá ti gbẹ, ṣùgbọ́n àwọn yòókù kì í ṣe oògùn ẹsẹ̀ wíwú, nítorí náà ẹsẹ̀ tó fà kò sọ pé iṣẹ́ wọn ti parí. Ní ti ọjà, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè lo furosemide ní ìdájí kí wọ́n tó jáde nílé, nítorí nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ni agbára rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́, tàbí kí wọ́n sún un sí ìgbà tí wọ́n bá ti ọjà dé ní ìrọ̀lẹ́.

Bàbá Ìbejì:

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun, ẹ ti làdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ìrònú ló ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru fún àwọn ìyá wa. Bí owó bá wà lọ́wọ́, tí ọmọ sì gbọ́ràn, ìdajì àìsàn náà á lọ. Ẹ̀gbọ́n mi tí irú rẹ̀ ṣe, àgbo ló mu, ó sì ń rìn kiri ní Sábó títí di òní.

Apoògùn Ọ̀yọ́:

Bàbá Ìbejì, mo kí yín o. Ìrònú lè gbé ẹ̀jẹ̀ sókè fún ìgbà díẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ni kò ní ìrònú kankan, wọn kì í sì í mọ ohunkóhun lára. Orí fífọ́ kì í ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀. Ọjọ́ orí, ìran, iyọ̀, ara sísanjù àti ọtí ni wọ́n pọ̀ nídìí rẹ̀. Ní ti àgbo, kò sí ẹni tó lè sọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú ìgò kan sí èkejì, àwọn mìíràn ń ba kíndìnrín jẹ́, èyí tí wọ́n sì fi ọtí rẹ ń bá ẹran ọkàn jà tààrà. Inú mi dùn pé ẹ̀gbọ́n yín ń rìn kiri. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wọn wá ẹni tí yóò wọn ẹ̀jẹ̀ wọn wò.

Ẹni tó ní amlodipine wú ẹsẹ̀ ìyá kò parọ́ tán, nítorí oògùn náà lè wú ọrùn ẹsẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ wíwú tirẹ̀ kì í gba èémí lóru, kì í sì í mú ara wúwo kíákíá. Ó yẹ kó béèrè bí ìyá ṣe ń sùn kó tó ní kí wọ́n pa oògùn tì. Amlodipine kì í ṣe oògùn burúkú fún àwa èèyàn dúdú. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní CREOLE, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà níbẹ̀, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2019, àwọn tó lo oògùn méjì tí amlodipine jẹ́ ọ̀kan nínú wọn rí ìdínkù ẹ̀jẹ̀ ríru ju àwọn tí kò sí nínú tiwọn lọ. Ìyá yín ti kọjá ipele yẹn ni, ìdí nìyẹn tí dókítà fi yan àwọn mìíràn.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù fún ọlọ́jà ni àwọn oògùn ara ríro tí wọ́n ń pò pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré, tí wọ́n ń gbé kiri láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ibuprofen tàbí diclofenac sábà máa ń wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń dá iyọ̀ àti omi dúró sínú ara, wọ́n ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, wọ́n sì ń da kíndìnrín láàmú pẹ̀lú lisinopril. Ènìyàn lè lo gbogbo oògùn ọkàn rẹ̀ pé pérépéré kí ọ̀rá kan ṣoṣo yẹn sì dá a padà sí wọ́ọ̀dù. Bí ara bá ń ro wọ́n, kí wọ́n lo paracetamol, kì í ṣe èyí tí ń hó nínú omi, nítorí iyọ̀ pọ̀ nínú ìyẹn.

Ọmọ Arówómọlé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ọ̀rọ̀ kíndìnrín yẹn ni ìyá mi ní kí n tún kà fún wọn. Ohun mìíràn tún wà. Ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ 158/96, ṣùgbọ́n ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì, 126/78 ni. Èwo ni kí a gbà gbọ́? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ti ra iyọ̀ kan fún wọn tí wọ́n ní ó dára fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Ikọ́ gbígbẹ kan tún ń dà wọ́n láàmú láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ oògùn.

Apoògùn Ọ̀yọ́:

Ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n ní ṣọ́ọ̀bù. Bí ìyá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, tí wọ́n sì di ọ̀já ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ lé apá bùbá, tí apá rọ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń tàkúrọ̀sọ, nọ́ńbà náà á lọ sókè lásán. Kí wọ́n tọ̀, kí wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ̀yìn fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ láìgbé ọ̀kan lé èkejì, kí apá wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan ọkàn, kí ohun tí wọ́n ń dì sí apá sì kan ara. Kò gbọdọ̀ sí obì lẹ́nu ní ààbọ̀ wákàtí tó ṣáájú. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò.

Iyọ̀ tí ẹ̀gbọ́n yín rà yẹn, ẹ gbé e kúrò nílé ìdáná ìyá lónìí. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni wọ́n fi èròjà kan tí ń jẹ́ potassium dípò iyọ̀ tòótọ́, spironolactone àti lisinopril sì ń dá potassium dúró sínú ara. Bó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ìlù ọkàn lè dàrú, ó tilẹ̀ lè dúró. Ìdí kan náà ni dókítà fi ń ní kí wọ́n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò látìgbàdégbà. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ kò tó gíráàmù 5 iyọ̀ lójúmọ́, èyí tí kò ju ṣíbí ìmu tíì kan lọ, mágí àti irú tí wọ́n ti fi iyọ̀ pa sì wà nínú ìṣirò náà. Kí wọ́n fi ata, àlùbọ́sà àti efinrin gbé ọbẹ̀ dìde.

Lisinopril ló ṣeé ṣe kó fa ikọ́ náà. Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ sọ fún dókítà, ó lè fi losartan tàbí irú rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Àmọ́ bí ètè tàbí ahọ́n wọn bá wú lójijì, ìyẹn kò gba sùúrù: kí wọ́n má tún fẹnu kan lisinopril, kí ẹ sì gbé wọn dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìyá Tólú:

Ẹ gbà mí láyè. Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ru rí. Ṣé ó lè jẹ́ ọkàn?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, Ìyá Tólú. Àìsàn ọkàn kan wà tó máa ń mú obìnrin láti ìparí oyún títí di oṣù bíi márùn-ún lẹ́yìn ìbímọ, a sì ń rí i dáadáa ní Nàìjíríà. Ẹ má dúró de àárọ̀ ọ̀la. Ilé ìwòsàn ńlá méjì tó jẹ́ ti yunifásítì ló wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ti LAUTECH àti ti Bowen tí àwọn Onítẹ̀bọmi ti bẹ̀rẹ̀ láti 1907. Ẹ gbé e lọ sí èyíkéyìí tó bá sún mọ́ yín. Kí ẹ sì sọ fún wọn pé ó ń fún ọmọ lọ́mú, nítorí ó kan oògùn tí wọn yóò yàn.

Nítorí irú èyí ni n kò ṣe fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa pe àìsàn ọkàn ní àìsàn arúgbó. Nínú ìwádìí THESUS-HF tó jáde ní 2012, èyí tó wo aláìsàn 1,006 ní orílẹ̀-èdè 9 nílẹ̀ Áfíríkà, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru ba ọkàn wọn jẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí gbogbo wọn sì jẹ́ ọdún 52. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, iṣan tó ń bọ́ ọkàn tó dí ló pọ̀ jù nídìí rẹ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ lẹ́yìn àádọ́rin ọdún.

Ọmọ Arówómọlé, ẹ ra ìwọ̀n tí a ń gun fún ìyá. Kí wọ́n gùn ún láràárọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tọ̀, kí wọ́n tó jẹun. Bí ara wọn bá fi nǹkan bíi kílò 2 wúwo sí i láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, omi ni, kì í ṣe ọ̀rá, ẹ sì lè dé ọ̀dọ̀ dókítà kí èémí tó há. Ní alẹ́, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun wọn díẹ̀, kí ẹ gbé e kúrò. Bí ojú ibẹ̀ bá kòtò tí kò sì tètè kún, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ọmọ Arówómọlé:

Ọlọ́run yóò san án fún gbogbo yín. A ti da iyọ̀ náà nù. Ìyá mi ti gbà láti máa lo àwọn mẹ́ta yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n bá wọn bẹ dókítà nítorí furosemide lọ́jọ́ ọjà. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n dá fún wa, n ó sì di gbogbo páálí oògùn náà sínú ọ̀rá kan lọ, títí kan ìdì oògùn ara ríro tí mo bá nídìí ìtẹ́ èlùbọ́ wọn.