Ayé wo ni wọ́n ṣe ọkọ̀ tó dùn ún wà jù lọ?

ỌmọÌwóRóòdù:

Ẹ kú ilé o. Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Dagenham ni mo ń gbé. A ní ọkọ̀ ilé, èyí tí à ń fi gbé ọmọ lọ sílé ìwé, tí à ń fi lọ ra iṣu. Ìyẹn kọ́ ni mò ń sọ. Ọkọ̀ kejì ni mò ń wá, èyí tí mo kàn máa gbé jáde láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú torí pé wíwà rẹ̀ dùn mọ́ mi. £3,500 ló wà lọ́wọ́ mi, kò sí kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Bàbá mi wa Peugeot 504 láti Ìbàdàn lọ sí Kàdúná láìmọye ìgbà, ó sì búra pé wọn ò ṣe ọkọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní BMW E30 ni òpin. Àwọn ọmọ orí YouTube ní ọkọ̀ Japan ti àárín 1990 sí 1999 ni. Èmi fúnra mi, ọtomátíìkì ni mo ti ń wà láti ọdún 9 sẹ́yìn, ẹsẹ̀ òsì mi ti gbàgbé iṣẹ́. Ayé wo gan-an ni wọ́n ṣe ọkọ̀ fún ẹni tó fẹ́ràn wíwà ọkọ̀?

ỌmọLádipọ̀:

Honda Accord 2003. Wọ́n ti sọ ọ́ ní "End of Discussion", kí lẹ tún ń jiyàn lé lórí? 😂 Mo ní mẹ́ta nílẹ̀.

BàbáTáyà_Manchester:

Àbúrò, má dá ỌmọLádipọ̀ lóhùn, ọjà ló fẹ́ tà.

Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, ara 504 ni mo sì ti kọ́ ọ. Ó ti tó ọdún 22 tí mo ti ń ṣe é níbí. Bàbá rẹ kò purọ́. Ọdún 1968 ni 504 jáde, ní Yúróòpù òun ló gba oyè ọkọ̀ ọdún 1969. Ní 1975 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná, ọdún yẹn náà ló gba ipò kìíní nínú Safari Rally ní Kẹ́ńyà. Sọ́kù rẹ̀ rọ̀, ó sì gùn. Tí ọ̀gá mi bá gbé e dé kọ́nà Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ara ọkọ̀ á kọ́kọ́ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọkọ̀ ojú omi, wàá ti máa pe orúkọ Ọlọ́run, àfi kí táyà dilẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n kábúrétọ̀ layé ìgbà yẹn. Kó o tó gbádùn Àìkú, o ti fi ọjọ́ Sátidé dọ̀bálẹ̀ fún un.

E30 tí ọ̀gá rẹ ń wí, ó mọ nǹkan. M3 rẹ̀ tó jáde ní 1986, ẹni tó ní £3,500 kì í béèrè iye rẹ̀.

Èmi, ọwọ́ ọkọ̀ ni mo fi ń díwọ̀n ayé ọkọ̀, sítíárìn. Láyé àtijọ́, apá rẹ lo fi ń yí i, kò sóhun tó ń ràn ọ́ lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ti ọ́ìlì dé: pọ́ǹpù kan wà lára ẹ́ńjìnnì, bẹ́líìtì ló ń yí i, ọ́ìlì tó ń tì jáde ló ń bá ọ darí táyà. Ọ́ìlì yẹn kì í fi nǹkan pa mọ́ fún ọ. Táyà gun òkúta, ọwọ́ rẹ gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n yọ ọ́ìlì, wọ́n fi mọ́tò oníná síbẹ̀ kí epo lè dín kù. Porsche 911 tó jáde ní 2011, òun náà ti bọ́ sínú rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti ń bá ọwọ́ ẹni sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fi ìbòmú bonu.

Jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fojú rí. Oníbàárà kan gbé Mazda MX-5 ọdún 1991, ọkọ̀ kékeré alága méjì, wá, ó ní nǹkan ń dún lẹ́yìn, kí n lọ gbọ́ ọ. Mo gbé e gba Snake Pass, ọ̀nà orí òkè tó kún fún kọ́nà, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Mo wọ kọ́nà kan lábẹ́ igi, ewé tútù ti tẹ́ síbẹ̀, mi ò rí i. Kójú mi tó rí nǹkan kan, sítíárìn ti fúyẹ́ lọ́wọ́ mi, wẹ́lo, bí ìgbà tí ẹja bọ́ lẹ́nu ìwọ̀. Mo rọra yọ ẹsẹ̀ lórí epo, ó tún wúwo padà. Gbogbo rẹ̀ ò ju kéèyàn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lọ. Nígbà tí mo fi padà dé ṣọ́ọ̀bù, mo ti gbàgbé ohun tó ní kí n lọ gbọ́, àfi kí n tún un gbé jáde. (Inú mi ò bàjẹ́.)

Ọkọ̀ yẹn, 1.6 lítà ni, agbára rẹ̀ ò tó ẹṣin 120, ìwọ̀n rẹ̀ ò sì pé tọ́ọ̀nù kan. Mazda ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ṣe é, jinba ittai: ẹṣin àti ẹni tó gùn ún di ara kan. Ẹni tó bá ti rí àwọn ọmọ Balógun lórí ẹṣin ní Ojúde Ọba á mọ ohun tí wọ́n ń wí. 1989 ni wọ́n gbé e jáde, ọdún yẹn náà ni Nissan Skyline GT-R R32, ọdún yẹn náà ni VTEC, ọgbọ́n tí Honda fi ń mú kí ẹ́ńjìnnì kékeré lágbára sí i. Ibẹ̀ ni ayé tèmi ti bẹ̀rẹ̀, ó sì parí ní nǹkan bí 2011.

Ṣùgbọ́n Dagenham lo wà. Láti 29 Oṣù Kẹjọ 2023 ni ULEZ, owó tí Lọ́ńdọ̀nù ń gbà lórí ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ pọ̀ jù, ti dé ọ̀dọ̀ yín. MX-5 àkọ́kọ́ yẹn, £12.50 ni lójúmọ́ tó o bá gbé e jáde, kò sì tíì pé 40 ọdún tí wọ́n fi ń dárí jì í. Ra ìran kẹta MX-5, èyí tó jáde ní 2005. Ọ́ìlì ṣì ni sítíárìn rẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì bá Euro 4, òṣùwọ̀n èéfín tí ULEZ ń béèrè, mu. Èyí tó tẹ̀lé e ní 2015 ló gba oníná. Fi nọ́ńbà ọkọ̀ wò lórí ojú ìwé TfL, àwọn tó ń bójú tó ìrìnnà ní Lọ́ńdọ̀nù, kó o tó sanwó.

Tó o bá débẹ̀, dọ̀bálẹ̀. Kì í ṣe èmi lò ń kí o, abẹ́ ilẹ̀kùn ni kó o wò, lápá táyà ẹ̀yìn. Fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Tó bá dún bíi gúgúrú, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ nìyẹn, máa lọ sílé.

ÌyáÌbejì_Houston:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé. Ṣùgbọ́n ó jọ pé ẹ ti po ọjọ́ orí ọkọ̀ mọ́ tiyín. Àwọn ọdún tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yẹn, ṣé kì í ṣe ìgbà tí orúnkún ṣì ń gbà yín láyè láti wọnú MX-5 ni?

Toyota GR86 ni mò ń wà. 2.4 lítà, agbára ẹṣin 228, jíà ọlọ́wọ́ mẹ́fà, sítíárìn oníná. Ohun tó ń sọ fún mi tó mi. Tí òjò Houston bá dé, tí ìdí rẹ̀ fẹ́ yí sọ́tùn-ún, kọ̀ǹpútà á tẹ bíréèkì táyà kan ṣoṣo, á dá mi padà fáwọn ọmọ mi. Nínú 504 bàbá yẹn, igi ọ̀pẹ ni bíréèkì wa. Ẹ tún jẹ́ ká sọ̀rọ̀ AC nínú Oṣù Kẹjọ.

BàbáTáyà_Manchester:

Ẹ gbé orúnkún mi sílẹ̀. 😄 Kọ̀ǹpútà ń gba ẹ̀mí là, mo gbà, ọkọ̀ tuntun ni mo rà fún ọmọbìnrin mi. Ṣùgbọ́n adùn ni àbúrò bi wá. GR86 dáa. £3,500 ò ra ìdajì ìdajì rẹ̀.

ỌmọÌwóRóòdù:

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo lọ wo méjì.

Àkọ́kọ́ dún bíi gúgúrú lábẹ́ àtàǹpàkò mi. Ẹni tó ń tà á ní ọ̀dà lásán ni. Mo kí i pé ó dàárọ̀.

Èkejì wà ní Romford, 2006, pupa, màmá àgbàlagbà kan ló ni ín. Mo wò ó lójú ìwé TfL, kò sí owó kankan lórí rẹ̀. Màmá jókòó tì mí kí n wà á. Ọkọ̀ náà kú mọ́ mi lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì níbi iná títì, wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tá a bọ́ sójú ọ̀nà Ongar, mo kó jíà kẹta, mo ṣẹ́ kọ́nà kan, títì ibẹ̀ ti rí págunpàgun, mo sì ka gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni ń ka Bíbélì. Mi ò tún sọ̀rọ̀ títí a fi padà délé wọn. £3,200, mo ti sanwó.

Ìyàwó mi jáde wá wò ó. Ó yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó wọnú rẹ̀, ó ka àga: méjì. Ó ní kí n sọ ẹni tí mò ń fi sílẹ̀ nílé, òun àbí ọmọ.

Ẹ bá mi wá èsì kí ilẹ̀ tó ṣú.