Gbèsè ọmọ ẹgbẹ́ nínú C#: ṣé property ni àbí method?

Àdìó_kóòdù: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ètò ìṣirò owó fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ni mò ń fi C#, èdè ìkọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ. Nínú kíláàsì Member, ìyẹn àwòṣe ọmọ ẹgbẹ́ nínú kóòdù, orúkọ àti ọjọ́ ìwọlé jẹ́ property, ìyẹn ohun tí a kàn ń dárúkọ láti ka iye rẹ̀; kò sí wàhálà níbẹ̀. OutstandingLoan, ìyẹn gbèsè tó kù lọ́rùn rẹ̀, ló dá mi dúró. Property ni mo fi ṣe, torí lójú tèmi, bí èèyàn ṣe ní orúkọ ló ṣe ní gbèsè. Àmọ́ kó tó dáhùn, ó ní láti wọ database, ibi tí a kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí, lọ, kó ṣa gbogbo owó tí onítọ̀hún ti san jọ. Ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n sọ ọ́ di method, ìyẹn iṣẹ́ tí a máa ń fi àkámọ́ ( ) pè. Ṣé ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ ju àkámọ́ lásán lọ?

Ìyá_Ìbejì: Àbúrò, ó wà gan-an. Irú property yẹn ti gba oorun lójú mi rí. Ìgbà mẹ́ta ni mo dárúkọ rẹ̀ nínú lúùpù kan, apá kóòdù tó ń tún ara rẹ̀ ṣe fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan: kí n mọ̀ bóyá gbèsè wà, kí n rò ó mọ́ àpapọ̀, kí n tẹ̀ ẹ́ síwèé. Ọmọ ẹgbẹ́ 800 ni wọ́n, gbogbo wọn ló jẹ gbèsè. Ìgbà 2,400 ni ètò náà sáré lọ sí database nítorí ìwé kan ṣoṣo! Mo ka kóòdù náà títí, n kò rí i, torí m.Name àti m.OutstandingLoan jọra wọn lójú. Tí mo bá tún dá a dúró nínú Visual Studio, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ kóòdù, láti yẹ̀ ẹ́ wò, Visual Studio fúnra rẹ̀ á tún máa pe property náà.

Ẹni tó bá rí àkámọ́ á mọ̀ pé iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀, á pè é lẹ́ẹ̀kan, á fi èsì rẹ̀ pamọ́ sínú variable. Pè é ní GetOutstandingLoanAsync. Await, ọ̀rọ̀ tí a fi ń dúró de èsì irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ò tilẹ̀ ṣeé lò nínú property.

Alágbẹ̀dẹ: Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká sọ gbogbo ìṣirò di method. Ìbú lọ́nà gígùn, property ni kó jẹ́. Bertrand Meyer tó dá èdè Eiffel sílẹ̀ ò fẹ́ kí ẹni tó ń lo kíláàsì mọ̀ bóyá ohun kan wà nípamọ́ ni àbí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣírò rẹ̀. Ibi tí èmi ti ń ṣọ́ra ni ohun tó ń yí padà fúnra rẹ̀. DateTime.Now jẹ́ property, bẹ́ẹ̀ ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó lè fún yín ní aago méjì.

Àdìó_kóòdù: Ẹ ṣé mà, ẹ ṣé sà. Mo ti yí i padà. Kóòdù kọ̀ láti kọ́ńpáìlì, àmì pupa àṣìṣe sì hàn ní ibi mẹ́rin tí mo ti lò ó. Méjì nínú wọn wà nínú lúùpù kan náà, n kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀.