Àbọ̀ rèé lórí kọ́lájìn tí mo béèrè

Mo bi yín nígbà kan bóyá kí n máa ra ìyẹ̀fun kọ́lájìn, ìyẹn purotéènì tó wà nínú awọ àti eegun, torí nǹkan oṣù mi ti dáwọ́ dúró. Mo lò ó. Awọ ojú mi dán díẹ̀ sí i, ó parí síbẹ̀. Ooru tó ń bò mí lóru kò yẹ̀ rárá. Oògùn họ́mọ́ọ̀nù tí dókítà kọ fún mi, bí ẹ ṣe dámọ̀ràn, ló jẹ́ kí n tún máa rí oorun sùn. Ẹni tó ní kí n kúkú máa jẹ pọ̀nmọ́ pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jìnnà sóòótọ́: ikùn á ṣáà fọ́ kọ́lájìn sí wẹ́wẹ́ bíi purotéènì yòókù. Ẹ̀wà àti ẹyin ni owó yẹn ń lọ sí báyìí. Orúnkún ṣì ń ro mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá gbígbé nǹkan wúwo ni, nítorí eegun. Ẹ ṣé o.