Ẹ̀yin tí ẹ ti kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sétí ọ̀sà, kí lojú yín rí?

TíṣàBáyọ́lọ́jì: Lóṣù kejì ọdún, mo kó àwọn ọmọ SS2 lọ sétí ọ̀sà l'Ékòó. A bu omi díẹ̀ sínú ìdérí páànù, a sá a sóòrùn. Kó tó dìrọ̀lẹ́, iyọ̀ ti funfun sídìí ìdérí. Lóṣù kẹsàn-án a padà síbi kan náà, ẹrẹ̀ nìkan ló kù. Ọmọbìnrin kan wò mí lójú, ó ní, "Tíṣà, ta ló kó iyọ̀ lọ?" N ò lè gbàgbé. Ẹ sọ tiyín.

ÌyáÌbejì: Tíṣà àwọn tèmi ní kí wọ́n fi ahọ́n tọ́ omi ọ̀sà wò. Omi tí gbogbo gọ́tà Èkó ń ṣàn sí! Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí mo ti dé ọ́fíìsì ẹ̀.

OlómiTútù: Ẹ ṣeun jàre. Tọ́ ọ wò kẹ̀!

TíṣàBáyọ́lọ́jì: Ìdí tí mo fi lo ìdérí nìyẹn, mà.

Akẹ́kọ̀ọ́Àná: Ẹyin adìẹ ni tíṣà tiwa lò. Ó ní tó bá ti léfòó, omi òkun ni. Ní Bàdágìrì, ẹyin rì gbàà. A fi ṣe yẹ̀yẹ́ délé.

TíṣàBáyọ́lọ́jì: Yóò rì ni. Iyọ̀ inú lítà omi òkun kan ò ju nǹkan bíi gíráàmù 35 lọ. Kí ẹyin tútù tó léfòó, iyọ̀ náà gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ.

ỌmọÌlàjẹ: Ta ló kó iyọ̀ lọ? Odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ni. Bí òjò bá ti dé, wọ́n á ti omi iyọ̀ padà sókun. Ẹ ò rí gbéborùn, ewéko tó máa ń léfòó bo ojú omi lásìkò òjò? Ẹ̀ẹ̀rùn ń dé, iyọ̀ á pa á, á máa jẹrà. Bàbá mi apẹja ò kàwé, ó mọ èyí. Ẹ kó ọmọ lọ bá apẹja kẹ́ ẹ tó ṣíwèé.

ỌmọẸ̀pẹ́: Irọ́. Gbéborùn tiwa kì í kú. Inú ẹ̀ẹ̀rùn gangan lọkọ̀ mi há sínú ẹ̀.

ỌmọÌlàjẹ: Èmi lò ń pè lópùrọ́? Omi Ẹ̀pẹ́ jìnnà sẹ́nu òkun. Iyọ̀ wo ni yóò pa gbéborùn yín?

ỌmọẸ̀pẹ́: Hùn. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n.

Adékàn: Akàn ni tèmi o. A jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrẹ̀, lábẹ́ àwọn igi tí gbòǹgbò wọn dúró bí ẹsẹ̀ lórí omi. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú nínú ihò. Apá kan kéré, èkejì tóbi bí ẹni gbé gòjé dání, ó ń jù ú sókè sódò. Ako nìkan ló rí bẹ́ẹ̀, abo ló ń pè. Ọmọ ogójì, kò sẹ́ni tó wúkọ́.

OlómiTútù: Ogójì ọmọ jókòó jẹ́ẹ́? Hàà.

TíṣàBáyọ́lọ́jì: Ọmọ Ìlàjẹ, ẹ gbà mí! Ìdérí mẹ́ta la máa gbé lọ́dún tó ń bọ̀: Ẹ̀pẹ́, Mákòkó, àti Tarkwa Bay tó wà lẹ́nu òkun, lọ́jọ́ kan náà.

ÌyáÌbejì: Ẹ wọ̀ wọ́n ní láífù-jákẹ́ẹ̀tì o. Kó má ku ẹyọ kan.

ỌmọẸ̀pẹ́: Ọjọ́ wo lẹ ń bọ̀? Ọkọ̀ mi wà ńlẹ̀.