Ẹsẹ̀ mi ń wú nírọ̀lẹ́, tó bá di àárọ̀ á ti lọ sílẹ̀: kí ló fà á?

Ẹlẹ́jaOlúwo:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹja ni mò ń tà lọ́jà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Orí ìdúró ni mo fi ń ṣe é, torí èèyàn ò lè jókòó kó máa pa àrọ̀ fún oníbàárà. Bó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, okùn bàtà á ti wọ̀ mí lẹ́sẹ̀. Tí mo bá fi àtàńpàkò tẹ ojúgun mi, ojú ibẹ̀ á jìn, á sì pẹ́ kó tó padà. Àmọ́ tí mo bá jí láàárọ̀, ẹsẹ̀ ti padà sí bó ṣe wà. Lọ́jà, mo lè má tọ̀ títí di ọ̀sán. Òru ni ìtọ̀ ń jí mi ṣáá. Ṣé àìsàn méjì ni àbí ọ̀kan? Ẹni tí ìsọ̀ wa jọ wà pa pọ̀ ní mo tẹ nǹkan ni.

ApẹjaÈjìnrìn:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Ìyàwó àbúrò mi ní irú ẹ̀ nígbà tó lóyún, ó bímọ tán, ẹsẹ̀ náà lọ sílẹ̀. Ẹ ṣáà má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sín gbẹ́rẹ́ síbẹ̀ o. Ojú egbò ẹsẹ̀ tó wú kì í tètè jinná.

Nọ́ọ̀sìTóTiFẹ̀yìntì:
Ẹ kú ọjà o, ìyá, ajé á wọgbá. Ẹ ò tẹ nǹkan kan. Ó sì jọ pé ọ̀kan náà ni méjèèjì: omi tó wà lẹ́sẹ̀ yín nírọ̀lẹ́ lẹ̀ ń tọ̀ lóru. Inú mi dùn pé ẹ fojú sí i tó báyẹn.

Bíi lítà 5 ni ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà. Èyí tí ọkàn bá ti tì dé àtẹ́lẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ gun òkè padà, ọkàn nìkan ò sì lè dá iṣẹ́ yẹn ṣe. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló ń ràn án lọ́wọ́. Tá a bá ń rìn, ẹran yẹn á máa fún òpó ẹ̀jẹ̀ tó gba àárín rẹ̀ kọjá, ẹ̀jẹ̀ á sì máa gùn. Àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké wà nínú òpó náà tó jẹ́ pé apá òkè nìkan ni wọ́n ń ṣí sí. William Harvey, oníṣègùn ará Íńgíláǹdì tó tẹ àlàyé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí ara po jáde lọ́dún 1628, ìka lásán ló fi fi wọ́n hàn. Ó so apá èèyàn lókè ìgúnpá títí òpó ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Ó fi ìka kan tẹ òpó náà mọ́lẹ̀, ó fi òmíràn ti ẹ̀jẹ̀ lọ sápá èjìká. Ojú ibẹ̀ ṣófo. Èyí tó ti kọjá ilẹ̀kùn ò padà.

Ẹni tó bá dúró sójú kan, ẹran ojúgun rẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ nísàlẹ̀, omi inú rẹ̀ á máa jò gba ara àwọn òpó tín-ín-rín sínú ẹran ara. Ojoojúmọ́ ló ń jò lára gbogbo wa, àwọn òpó kan tí kì í gbé ẹ̀jẹ̀ ló ń kó o padà sínú ẹ̀jẹ̀ nítòsí ọrùn. Tó bá ti pọ̀ jù fún wọn, ẹsẹ̀ á wú.

Tẹ́ ẹ bá wá sùn, ẹsẹ̀ àti ọkàn á dọ́gba, omi á padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ni kíndìnrín ti gba iṣẹ́. Bíi lítà 180 omi inú ẹ̀jẹ̀ ni kíndìnrín méjèèjì ń sẹ́ lójúmọ́, wọ́n á dá èyí tó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀, bíi lítà 1 sí 2 ló ń jáde. Omi ẹsẹ̀ yín wà nínú èyí tí wọ́n ń lé jáde lóru.

Lọ́jà, ẹ máa gbé gìgísẹ̀ sókè, kẹ́ ẹ máa gbé e sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa rìn yí ìsọ̀ ká. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, kẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí kó ga ju àyà lọ, kí omi náà ti jáde kí oorun tó dé. Ẹ dín iyọ̀ àti magí kù. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ló wú, tó gbóná, tó ń dunni, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀. Tí èémí ò bá délẹ̀ tẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀, ọkàn ni ká yẹ̀ wò. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ sọ́síbítù. Òògùn wo lẹ̀ ń lò?

Ẹlẹ́jaOlúwo:
Ẹ ṣé gan-an ni, màámi. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni, mo sì ń mí dáadáa. Òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni mò ń lò, amlodipine ni wọ́n kọ sára páálí ẹ̀.

Nọ́ọ̀sìTóTiFẹ̀yìntì:
Òun náà lè dá kún un. Ó ń mú kí òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fẹ̀, èyí tó ń gbé e bọ̀ ò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, omi á sì tètè jò sí ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ mú páálí náà lọ bá dókítà tó kọ ọ́ fún yín, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ àti ṣúgà ara yín wò, torí àtọ̀gbẹ náà máa ń jí èèyàn tọ̀ lóru. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ ti ọjà lọ tààrà lọ́sàn-án, kó lè fojú ara ẹ̀ rí ẹsẹ̀ náà nígbà tó ṣì wú.