Téèpù butyl fún wíńdò tó ń jò: inú ni kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ni, àbí ìta?

Ìyá Ìbejì Àkóbọ̀:
Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o, ẹ̀yin ará ilé. Wíńdò yàrá àwọn ọmọ mi ò jẹ́ kí n sùn mọ́. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la wà, wíńdò onígíláàsì tí wọ́n ń fà sọ́tùn-ún fà sósì ni, ẹsẹ̀ bàtà 4 ní ìbú, 4 ní gíga, ó kọjú sí ìlà oòrùn. Bí òjò bá rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí nǹkan kan. Àmọ́ bí ìjì bá gbé òjò wá, ká tó wí ká tó fọ̀, omi ti ń ṣàn wálẹ̀ ní igun apá òsì, lábẹ́ wíńdò. Ọ̀dà ibẹ̀ ti wú bí àkàrà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fóòmù tí àwọn ìbejì ń sùn lé mu omi yó.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹni tó ṣe wíńdò náà ti wá fi sìlíkọ́ọ̀nù yí i ká. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló gbowó. Ti àkọ́kọ́ rí òjò mẹ́ta, ìkejì ò tiẹ̀ rí méjì.

Ni àbúrò mi bá bá mi ra téèpù kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, butyl ni wọ́n kọ sí i lára. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bíi bébà inú páálí sìgá, inú rẹ̀ dúdú, ó ń lẹ̀ bí oje igi. Ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, gígùn rẹ̀ mítà 5. Nínú fídíò tí wọ́n fi polówó rẹ̀, ọkùnrin kan gé korobá sí méjì, ó lẹ̀ ẹ́ padà, ó sì pọn omi sí i. Èmi ò ní korobá tó gé o, wíńdò ni mo ní. Inú ni kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ni, àbí ìta? Ṣé kí n fi yí gbogbo rẹ̀ ká? Ṣé ó ṣeé kùn ní ọ̀dà?

Ọmọ Ọ̀jẹ̀:
Inú ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ jàre, kí oòrùn má bà á jẹ́. Ẹ yí i ká, ẹ má ṣẹ́ àyè kankan kù. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ nílé wa lọ́dún tó kọjá, mi ò rí omi mọ́.

Aláluminíọ̀mù Mọ́kọ́lá:
Ọmọ Ọ̀jẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ fọwọ́ tẹ ògiri abẹ́ wíńdò yín wò. Ẹni tó bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ò dá omi dúró, ó kàn ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn sínú búlọ́ọ̀kù ni.

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má tíì ṣí téèpù yẹn. Ẹ wá ọ̀nà tí omi ń gbà ná, torí ibi tó ti yọ kọ́ ni ibi tó ti wọlé. Ní ọjọ́ tí òjò ò rọ̀, kí ẹnì kan wà nínú yàrá pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹnì kejì wà níta pẹ̀lú omi. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ da omi sójú irin tí gíláàsì ń yí lé, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 5, kí ẹ tó lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, lẹ́yìn náà èkejì, òkè ló máa kẹ́yìn. Tí ẹ bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, omi á ṣàn bo gbogbo rẹ̀, ẹ ò sì ní mọ èwo lolè nínú wọn.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ férémù níta dáadáa. Ó yẹ kí ihò tẹ́ẹ́rẹ́ bíi méjì wà níbẹ̀. Wíńdò tí wọ́n ń fà kì í ṣe ìkòkò. A mọ̀ pé omi máa wọ ojú irin yẹn, ihò yìí ló sì máa gbà padà síta. Tí eruku tàbí òkú kòkòrò bá dí i, ojú irin á kún, omi á gba etí inú dà sí yàrá. Òjò oníjì wa ní ìhà yìí, láti ìlà oòrùn ló sábà ń wá, tiyín sì kọjú sí i gan-an.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní lẹ téèpù mọ́ ìsàlẹ̀ láé. Mo ti ṣe é rí, ojú sì tì mí. Ilé oníbàárà kan ní Bódìjà, mo fi yí i ká pátá, ó mọ́ lójú, mo gbowó mo lọ. Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, pálọ̀ di odò. Èmi náà ni mo padà lọ fi abẹ́ gé ti ìsàlẹ̀ kúrò, ìyàwó ilé dúró tì mí, kò sọ̀rọ̀ kankan. Ó sàn kó bú mi.

Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ tàbí òkè ló ń gbà wọlé, ìta ni téèpù wà, ìdajì lára férémù, ìdajì lára ògiri. Gbogbo sìlíkọ́ọ̀nù tí wọ́n ti fi síbẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò, torí butyl kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi abẹ́ ha á, ẹ fi sípírítì nu férémù. Ọ̀dà tó ti ń ré náà, ẹ ha á títí ẹ ó fi kan sìmẹ́ńtì, ẹ gbọn eruku rẹ̀, kí oòrùn lù ú bí ọjọ́ méjì. Tí ògiri yín bá rí ṣákiṣàki, omi á máa gba abẹ́ téèpù kọjá, ẹ jẹ́ kí bíríkìlà tẹ́ ojú ibẹ̀ pẹrẹsẹ ná. Ẹ lẹ ti ẹ̀gbẹ́ kọ́kọ́, kí ti òkè wá gùn lé wọn lórí, bí páànù ṣe ń gùn lé ara. Ẹ fi ẹ̀yìn síbí tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Ní ti oòrùn, ohun tó ń dán lẹ́yìn rẹ̀ yẹn ni agbòòrùn rẹ̀. Ọ̀dà kì í pẹ́ lára rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Adé Leeds:
Òótọ́ lẹ sọ, bọ̀ọ̀dá. Lọ́dọ̀ wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, àwọn tó ní kárávàànù, ilé orí táyà tí wọ́n ń fi mọ́tò fà, ló ń lò ó jù, èyí tí kò ní ohun tó ń dán lẹ́yìn. Àárín férémù àti ara ọkọ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí kí wọ́n tó de ìdè rẹ̀. Tèmi ṣì ń yọ́ jáde létí lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, mo ń fi ọ̀bẹ gé e. Rọ́bà ni butyl, òun kan náà ni wọ́n fi ń ṣe tíúbù inú táyà, torí kì í jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá.

Ìyá Ìbejì Àkóbọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o. A ṣe é lánàá. Ọkọ mi gun àkàbà, Táíwò di tọ́ọ̀ṣì mú, Kẹ́hìndé ń pariwo. Omi tí a dà sójú irin ò lọ síbì kankan, ó kàn ń wò wá. Bíríkìlà tó rẹ́ ògiri ti fi sìmẹ́ńtì dí ihò méjèèjì pa! Ìṣó la fi ṣí wọn. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ òsì, Táíwò ké pé omi ti dé: àyè tó wà láàárín férémù àti ògiri níbẹ̀ gba káàdì ATM.

Mo ti ha sìlíkọ́ọ̀nù kúrò. Bí oòrùn bá yọ títí di Sátidé, máa lẹ̀ ẹ́. Tí mo bá yọ ti ìsàlẹ̀, ó máa ṣẹ́ kù lé ní mítà kan. Ṣé mo lè fi lẹ páànù ilé ìdáná tó ń kán?

Aláluminíọ̀mù Mọ́kọ́lá:
Ẹ lè fi lẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ha ìdógùn-ún ibẹ̀ kúrò, kí ẹ wo ìdí ìṣó, ibẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ má gùn ún nígbà tó bá tutù o.